Àmì Abẹ́ Ìdí Sítóòfù

Inú àpò búrẹ́dì ni Ìyá Títílọpẹ́ gbé e sí wá,
ó fi ìró àtijọ́ wé e, bí ẹni wé ọmọ tuntun.
"Ti ọkọ mi ni. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó ti dákẹ́."
Mi ò mọ̀ bóyá sítóòfù ló ń wí, àbí ọkọ.

Ṣóètán, sọ̀féyọ̀ ìjọba,
tó fi ṣéènì wọn ilẹ̀ láti Ọ̀bà dé Ọ̀pẹ̀jì,
tó ń pàgọ́ síbi tí àgbọ̀nrín ti ń mumi.

Ìtòkò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó fẹ̀yìn ti àpáta.
Àwọn fìtílà gáàsì so rọ̀ mọ́ ìṣó bí àdán lọ́sàn-án:
ọ̀kan ò nígò, ọ̀kan ò ní fìlà,
ọ̀kan jẹ́ ti ìjọ kan ní Ìbarà,
ó ti ṣe àìsùn ju pásítọ̀ wọn lọ.
Èrò ń kọjá, wọ́n ní ta ló tún ń lo èyí
nígbà tí Ṣáínà ti kó iná sínú ike.
Mo ní ẹ dúró ná, kí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
kí ike yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Mo tú u. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ kọ̀, mo fi epo bẹ̀ ẹ́.
Èkejì kọ̀, mo fi iná bẹ̀ ẹ́.
Ọ̀gá mi Dáìró máa ń sọ pé idẹ kì í gbọ́ ìbínú.
Awọ inú pọ́ńpù ti gan bí ẹran gbígbẹ;
mo gé tuntun lára bàtà tí mo fi gbéyàwó,
mo rẹ ẹ́ sínú àdín mọ́jú.
Imú rẹ̀ dí. Mo yọ fọ́nrán kan lára wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́,
mo gún un jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó sùn.
Epo tó kù nínú rẹ̀ ti di oyin dúdú.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi fọ ikùn rẹ̀
títí idẹ fi rántí oòrùn.
Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí.
Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń pa mí bí ọtí.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ìdí rẹ̀,
márùn-ún márùn-ún, ọ̀kan dábùú mẹ́rin.
Mo pè wọ́n ní ẹgbò.
Sáńpépà ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.
Mo da sípíríìtì sínú àwo, mo ṣáná sí i,
mo fa pọ́ńpù nígbà ogún.
Ó wúkọ́. Ó tutọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn,
hùùùù, ohùn kan ṣoṣo tí kì í mí.
Ìyá di bẹ́ǹṣì mú.
"Òun nìyẹn. Bó ṣe ń kùn lẹ́nu àgọ́ nìyẹn
lálẹ́ ọjọ́ tó mú mi dání, tí mi ò tíì lóyún ẹnikẹ́ni."

Ó jẹ́ kó tutù. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè.
Ó fi àtàǹpàkò wá nǹkan kan níbẹ̀,
ó wá a lọ, ó wá a bọ̀.
Ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí nínú idẹ.
"Ó dán," ló wí. "Ó dán púpọ̀."
Ó ka owó fún mi, kò yọ kọ́bọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá:
ọjọ́ tí bàbá lò nínú igbó ni àwọn ìlà yẹn.
Mi ò kà wọ́n.
Mo pa òǹkà ọkùnrin kan rẹ́, mi ò sì mọ iye tó jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ yìí wọ́n mú iná lọ láti Ìtòkò dé Adátán.
Fìtílà ẹnìkan wà níwájú mi,
okùn pupa kan wà lára ọwọ́ rẹ̀,
ó ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rùn.
Mo pe ẹni tó ni ín lórí fóònù:
"Ẹ jọ̀ọ́, okùn pupa yìí, ta ló so ó?"
Ó ní òun ò mọ̀.
Mo ní kò burú.
Mo tún kókó rẹ̀ ta, kó má baà tú.