Ọjọ́ Mẹ́rìnlá fún Odò Aládìí

Ìbéèrè kọkànlá lórí fọ́ọ̀mù náà:
Ta ló ń mu omi yìí nísàlẹ̀ ibi iṣẹ́?
Agbaṣẹ́ṣe fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà:
Kò sí.

Mo ka “kò sí” náà lẹ́ẹ̀mẹta
lábẹ́ fáànù tó ń ké bí ọmọ ẹyẹ
ní ọ́fíìsì wa ní Ìlọrin.
Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo wọkọ̀ ní Gánmọ̀,
a kọjá Àjàsẹ́, a kọjá Òmù-Àrán,
ọ̀kadà gbé mi dé Ìsánlú-Ìsin,
eruku ti sọ híjáàbù mi di pupa.

Afárá náà já lóòótọ́.
N ò ní parọ́ mọ́ agbaṣẹ́ṣe.
Lóṣù tó kọjá, ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn aboyún kan sọdá,
omi mu ẹni tó pọ̀n ọ́n dé ìbàdí,
ọmọ náà ò sì dúró de ọsibítù:
orí àpáta ló ti ké.
Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́.

Àmọ́ nísàlẹ̀ odò, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni,
mo bá Sẹnábù tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú agbada mẹ́fà,
mo bá màlúù Dẹ́ńbò tí wọ́n tẹnu bọ omi,
ọmọ iléèwé mọ́kàndínlógún, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè lórí wọn,
mo sì bá Ìyá Àwẹ̀ró,
ẹni tó wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi,
tó ń fi igbá gbá ewé ojú omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
kí ó tó pọn.

Mo so àwo funfun mọ́ okùn, mo rì í.
Ó ń lọ, ó ń lọ, mo ṣì ń rí i.
Okùn gùn tó ìwọ̀n àyà mi kí ó tó sọnù.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni da omi síwájú ní ń tẹ ilẹ̀ tútù.
Ẹni tó fẹ́ da ẹrẹ̀ síwájú ńkọ́,
kí ẹlòmíì má baà kú sí òdìkejì odò?

Mo fa igi lé “kò sí”. Mo kọ orúkọ wọn,
ìlà ò gbà wọ́n, mo kọ ọ́ dé etí bébà.
Mo ní: àpò iyanrìn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀.
Mo ní: kí kátápílà má kùn ṣáájú aago mẹ́wàá,
kí ẹni tó ń pọnmi ti pọn tirẹ̀ lọ sílé.
Mo ní: tánkà omi kan lójoojúmọ́,
kì í ṣe èyí tó ti gbé epo rí.
Mo ní: ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí òjò tó dé.
Ẹnjiníà Yínúsà nu ojú, ó ní,
“Hájíà, omi lásán mà ni.”
Mo ní, “Omi ni. Ohun tí mo ń wí nìyẹn.”
Mo tẹ òǹtẹ̀. Ó pa ìka mi láró.

Ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún.
“Rábíátù, omi wa ti dà bí ọ̀gì bàbà.
Wọ́n ní ìjọba ló fọwọ́ sí i.
Ìjọba wo?”
Mo gbé itọ́ mì. “Èmi ni, Ìyá.”
Mo gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
“Ó ku mélòó?”
“Márùn-ún.”
“Ó dáa. Òkúta ni mo fi ń kà á, nínú ìṣà.”

Ọjọ́ kẹẹ̀dógún, afárá ti dúró,
kátápílà ti gba Òró-Àgọ̀ lọ.
Mo rì àwo náà:
okùn ò tíì tó orúnkún mi tí ó fi sọnù.
Ìyá Àwẹ̀ró dúró tì mí,
òkúta kẹẹ̀dógún wà lọ́wọ́ rẹ̀,
kò mọ ibi tí yóò jù ú sí.

Ọjọ́ ti pé lórí bébà. Omi ò mọ̀wé.
Mo jókòó sórí afárá tuntun,
mo dojú fọ́ọ̀mù délẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:
Yínúsà, dá tánkà padà.