Táǹkì Rubochi

Irin ni Dagaci fẹ́.
Ó ní bí a bá lù ú, yóò sọ iye omi tó kù nínú.
Mo ní irin a máa dípẹtà.

Ẹnjiníà Shekwolo tẹ́ ìwé sílẹ̀:
ẹgbàárùn-ún lítà, rọ́bà dúdú, owó rẹ̀ kò wọ́n.
Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?
Ṣé tíì la fẹ́ máa pọn ni?

A jiyàn títí òjìji máńgòrò fi ṣí kúrò lórí wa.

Yebwa kò bá wa jiyàn.
Èjìká ni Gbagyi fi ń ru omi,
wọn kì í gbé e ka orí,
èjìká ọ̀tún Yebwa sì ti fẹjú ju tòsì lọ.
Ó fara ti ògiri ilé ìwé,
ó fi èédú fa ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká náà.
"Ẹ ra èyí tó bá wù yín.
Ibi tí garawa yóò jókòó sí nìyí,
ká má bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Rọ́bà dúdú náà la rà.
Lọ́sàn-án, omi rẹ̀ kò ṣeé mu.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀, mo máa ń dúró wò wọ́n:
garawa á yọ̀ kúrò lórí pèpéle,
á bọ́ sí èjìká,
ẹ̀yìn kankan ò tẹ̀.