Ekòló Tí Kò Jùbà Ilẹ̀

Oyèdòkun fi ọ̀rá kan ránṣẹ́ láti ìlú òtútù,
ekòló rọ́bà mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀,
òórùn aáyù ń bú jáde lára wọn.
Ó ní lọ́hùn-ún, ẹja kan wà tó kọlà,
ìlà méje gbọọrọ, láti etí dé ìrù.
Mo bi í pé ta ló kọ ọ́ fún un.
Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé Ẹlẹ́yẹlé.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ti kọjá díẹ̀.
Ìkùukùu ṣì jókòó lórí omi
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde.
Òjò àná ti kó ẹrẹ̀ Odò-Ọnà wọ adágún,
omi pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Èwo ni ká mú?
Funfun yìí, tó ń dán bí eyín ìyàwó ọ̀ṣìngín,
omi mímọ́ ló ni ín; ó padà sínú ọ̀rá.
Aláwọ̀ ewé yìí, kó dúró de oòrùn ọ̀sán.
Dúdú ni mo mú, dúdú bíi kóró iṣin:
nínú omi dídàrú, òjìji ni ẹja ń rí, kì í rí ẹwà.
Ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ṣíbí,
irú èyí tó ń gbọ̀n kódà bí ọwọ́ bá dẹ̀.
Àrọ̀ ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Irùngbọ̀n ló fi ń gbọ́ròó.

Oyèdòkun ti ka ẹ̀kọ́ sínú fóònù, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin:
Ti ẹnu ìwọ̀ bọ orí rẹ̀, ìwọ̀n èékánná kan péré,
yọ ọ́ jáde ní àgbọ̀n, yí i po,
fà á títí ojú ìwọ̀ yóò fi wọ imú ekòló.
Gbé ara rẹ̀ lé ìwọ̀, wo ibi tí ẹ̀yìn ìwọ̀ ti tẹ̀,
ibẹ̀ gan-an ni kó o gún.
Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu ìwọ̀ yọ síta,
bò ó, bí ẹni fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n,
torí ojúoró wà, òṣíbàtà wà,
ìwọ̀ tó bá lanu sílẹ̀, ewé ni yóò máa jẹ.

Mo gún àkọ́kọ́ wọ́: ó ń pòòyì nínú omi bí ọ̀mùtí,
okùn lọ́ mọ́ra. Ìkejì ya lọ́rùn.
Ọwọ́ tí mo fi ń rán bàtà ní Sángo láti ọdún mọ́kànlélógún
wá ń gbọ̀n níwájú rọ́bà.
Ìkẹta ló tọ́, ó nà gbalaja lára ìwọ̀.

Múfútàù wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, ọṣẹ ló fi ṣe ìjẹ.
“Ekòló tí kò jùbà ilẹ̀ rí,” ó ní, “ta ni yóò lanu fún un?”
N ò fèsì. Ó ti pa mẹ́ta.

Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúoró, òjé gbé e lọ sísàlẹ̀.
Ení, èjì, ẹ̀ta. Mo mi ọ̀pá díẹ̀. Mo dúró.
Dídúró nìkan ni Oyèdòkun ò kọ́ mi;
a jọ kọ́ ọ ni, létí omi yìí,
pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ kọdọrọ àti òkèlè ẹ̀bà,
nígbà tí ṣòkòtò kan ṣoṣo ń ti ọ̀dọ̀ mi bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó fà.
Kì í ṣe ewé, ewé kì í fà lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbé ọ̀pá sókè, okùn ké fíín,
nǹkan kan yí padà lábẹ́ omi, ó wúwo,
ó sì fi mí sílẹ̀.

Ekòló padà wá láìnírù.

Mo pe Oyèdòkun. Òru ṣì ni lọ́dọ̀ rẹ̀.
“Ó jẹ ẹ́?”
“Ìrù ló jẹ.”
Ó dákẹ́. Nǹkan ń hó lẹ́yìn rẹ̀,
bóyá ẹ̀rọ amúlégbóná, bóyá òkun.
“Èyí tó kù ṣì lè pa ẹja,” ó ní.
“Fi ìdí rẹ̀ ṣe orí, kó o tún un gún.”

Mo yí i. Ogún ló ṣẹ́kù nínú ọ̀rá.
Bàtà ẹni méje ń dúró dè mí ní Sángo.