Ilẹ̀ Ń Yọ̀

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ya yìnyín sára pátákó
ní Ìkàrẹ́, nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò.
Ẹfun ni mo fi yà á. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ,
bí òwú ló ṣe rí, kì í dún tó bá ń bọ̀."
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi bírò pupa máàkì rẹ̀,
èmi tí n kò rí i rí.

Ní Grimsby, ó já sílẹ̀ lóru ọjọ́ Ajé.
Lóòótọ́ ni, kò dún.
Ohun tí n kò kọ́ wọn ni pé ó máa ń yọ̀,
pé olùkọ́ lè fi ìdí jókòó lójú títì
tòun ti àpò oúnjẹ ọ̀sán,
kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
kí ojú má baà tì í.

Ìbírónkẹ́ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, èmi ń jáde.
Ẹnu ọ̀nà la ti ń ṣe lọ́kọláya:
"Ọmọ ti wẹ̀." "Owó iná ku pọ́n-ùn méjì."
Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ tutù.
Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ,
ìrọ̀rí rẹ̀ nìkan ní í kí mi káàbọ̀.
Ó ní ìyá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́
tó ń pe òun ní Margaret.
Òun a sì dá a lóhùn,
nítorí Margaret fúnra rẹ̀ kì í wá.

Èmi, ẹja ni mò ń dì sínú páálí.
Mo mọ òkun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá,
mo mọ ìṣàn omi tó gbé wọn, mo mọ orúkọ rẹ̀ lórí máàpù.
Kò sẹ́ni tó bi mí.

Nílé ìwé, Tim ni wọ́n ń pe Dúrótimi.
Tíṣà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò sí ìkà nínú obìnrin náà,
ó ní gbogbo rẹ̀ gùn jù fún àwọn.
Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn méjì ló ṣáájú rẹ̀ lọ,
pé ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ náà,
a kì í gé ẹ̀bẹ̀ láàárín.
Wọ́n da Dúró nù, Tì-mí ló kù lọ́wọ́ wọn,
wọn kò sì mọ̀.
Ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
di eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun mi.
Mo ní, "Tẹ́ńkiù."

Láàárọ̀ yìí, bàbá tí a jọ pín ògiri,
tí kò kí wa rí láti ìgbà tí a ti kó dé,
jáde tòun ti fìlà onírun àti ike kan.
Ó ń bu iyọ̀, ó ń wọ́n ọn síwájú ilẹ̀kùn tirẹ̀,
ó wọ́n ọn dé iwájú tiwa. Kò kanlẹ̀kùn.
Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú ife tíì.
Iyọ̀!
Ọjọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ,
ìyá mi fi iyọ̀ kàn án létè,
ó ní ayé rẹ̀ kò ní tẹ́.
Ta ni kí n lọ bá sọ irú èyí?
Mo ṣílẹ̀kùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."
Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu mi.
Ó na ọwọ́ kan sókè, ó ń bá iyọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibi òpó iná ni iyọ̀ parí sí.
Lẹ́yìn òpó, funfun ni gbogbo rẹ̀, ó ń dán.
Àwọn àgbà ní adìyẹ tó dé ìlú tuntun,
ẹsẹ̀ kan ní í fi í dúró;
wọn kò sọ bí yóò ṣe rìn lórí yìnyín.
Ọmọ mi, tí báàgì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì,
na ọwọ́ sí mi láìwojú mi.
"Dádì, ẹ dúró tì mí,
ilẹ̀ ń yọ̀."
Àmì ohùn rẹ̀ kò pé.
N kò máàkì rẹ̀.