Gbèsè Omi

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí mi,
ahọ́n mi sì mú ju abẹ tí wọ́n fi fá a lọ.
Ní Zanskar, níbi tí òkè ti ń dé fìlà yìnyín nínú ẹ̀ẹ̀rùn,
obìnrin kan gun àtẹ̀gùn ilé àwọn mọ́ńkì wá:
Yangdol, ọmọ Gyaltsen olóko báálì.
Kò tẹríba fún ère.
Ó ní, "Morup dà?"

Bàbá Morup wà nínú oòrùn, ó ń rán bàtà.
"Ìwọ lo darí omi wa sí oko rẹ lóru,
lọ́dún tí yìnyín òkè kò yọ́ tó.
Báálì wa gbẹ lóòró.
Bàbá mi ta yáàkì méjèèjì,
ó lọ ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà ìjọba.
Àpáta ya. Kò padà wálé.
Gbèsè kì í jẹrà, Morup."

Èmi ni mo dáhùn, èmi tí wọn kò bi.
"Ìyá, Búdà kọ́ wa pé kò sí 'èmi' kan tó dúró.
Ara ń yí, èrò ń yí.
Morup tó gbé ọkọ́ lóru ọjọ́ náà ti lọ.
Lọ́wọ́ ta lẹ fẹ́ gba gbèsè?"

Bàbá Morup na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.
Àpá kan là á já, ó funfun bí òwú.
"Ọkọ́ yẹn ló ṣá mi nínú òkùnkùn.
Awọ tó gbọgbẹ́ ti ṣí dànù tipẹ́.
Awọ tuntun bá àpá nílẹ̀, ó gbà á,
kò bi í pé ta ló bí ọ.
Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ.
Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn
mọ́ ẹni tí òtútù ń pa."

Ó gbé ṣọ́bìrì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin,
ó lọ ń kó òkúta kúrò lójú omi Yangdol,
ó ń wúkọ́, ó ń gbẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Yangdol gbé tíì oníbọ́tà wá.
Ó wò ó títí.
"Ogójì ọdún ni mo fi bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan.
Mo wá a lójú yín. N kò rí i."
Síbẹ̀ ó da tíì náà fún un.
Kò sọ pé òun ti dárí jì í.

Èmi ńkọ́?
Wọn kò tíì bí mi lọ́dún tí báálì gbẹ.
Ṣùgbọ́n bí gbèsè kò bá ní olówó orí kan pàtó,
ta ni yóò na ìka pé tòun kọ́?
Mo ká aṣọ pupa mi dé orúnkún, mo wọ kòtò.
Ohun tí omi yìnyín náà sọ fún ẹsẹ̀ mi,
n kò tíì rí i kà nínú ìwé kankan.