Ọwọ́

Òjò ń kán sínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ní Rochdale.
Wọ́n ní kí a nawọ́:
ta ló fẹ́ kí Àlùfáà Gethin máa bá wa lọ,
òun àti Alan tí wọ́n jọ ń gbé?

Bàbá Fádípẹ̀ ka Róòmù orí kìíní, ó kà á tán.
Maureen tó ń to òdòdó ní Jòhánù orí kẹjọ ńkọ́?
Tíì tutù.

Mo nawọ́ pẹ̀lú àwọn tó ní rárá.
Ọwọ́ yìí kan náà ni Gethin dì mú
lóru tí ọkọ mi dákẹ́ ní ọsibítù.
Alan ló wakọ̀ gbé mi délé,
kò sọ nǹkan kan,
ó ṣáà tan hítà sí mi lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀.
"Ara Krístì."
Ọwọ́ ọmọdé ni kò tó pẹpẹ.
Tèmi tó o,
ó ń gbọ̀n.