Akọ Ìbẹ́pẹ Mẹ́rin

Ìbẹ́pẹ kan ni bàbá mi rà ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ taku.
Ó gùn tó apá ọmọdé, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀.
Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó fi ìwé ìròyìn nu ẹnu,
ó di hóró rẹ̀ sápò ṣòkòtò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nílé, ní Òmù-Àrán, ó da hóró náà sínú abọ́ omi.
Èyí tó léfòó, ó ní akọ ni, ó dà á fún adìyẹ.
Èyí tó rì, ó ní abo ni.
Ó fi eérú yí i, ó sá a sórí páànù ọjọ́ mẹ́ta gbáko.
Ta ló kọ́ ọ? Ráìmì alágbẹ̀dẹ ni.
Ta ló kọ́ Ráìmì? A ò bi í.

Bàbá mi tó bí ọmọbìnrin márùn-ún,
tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi yàrá ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́,
tí wọ́n ń bi í níbi òkú, níbi ìkómọ,
pé ta ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́la,
òun náà ló kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù nínú oṣù Ẹbibi,
tó ń bẹ hóró dúdú:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya akọ o.
Abo ni mo fẹ́. Abo nìkan."

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Ó gbọ́. Kò wí nǹkan kan.
Òkúta kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àwo, ó dún kàn.

Méje ló gbìn, méje ló hù.
Omi ìfọṣọ wa ni wọ́n mu dàgbà,
títí wọ́n fi ga ju èmi Ìyádùnní, ìkẹta, lọ.
Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, òdòdó yọ.
Ti mẹ́ta lẹ̀ mọ́ igi bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀n.
Mẹ́rin na okùn gígùn jáde, òdòdó wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀,
ó ń mì nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́.
Akọ. Akọ. Akọ. Akọ.
Bàbá mi kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń ka owó tí kò pé.

Ráìmì ní kó kan ìṣó mọ́ wọn nídìí,
pé ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á so.
Ó kan ìṣó. Wọn ò so.
Ìyá Láyíwọlá ní kó bẹ́ wọn lórí.
Ó bẹ́ méjì. Orí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n hù padà,
akọ ni gbogbo rẹ̀.
Ó bá pọ́n àdá.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi dìde.
"Ta ló gbìn wọ́n?"
"Èmi ni."
"Ṣé ilẹ̀ ló yan ohun tí wọ́n ya?"
Bàbá mi wo ẹnu àdá.
"Mo ní, ṣé ilẹ̀ ló jẹ̀bi?"
"Rárá," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.
"Ó dáa. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń dúró
kí ẹnìkan nínú ilé yìí sọ bẹ́ẹ̀."
Kò pariwo. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Bàbá mi gé mẹ́ta, ó dá ẹyọ kan sí,
nítorí abo kì í so dáadáa bí akọ ò bá sí nítòsí.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a jẹ ìbẹ́pẹ títí ètè wa fi yún wa.
Ìyá mi kó hóró. Kò wá omi kankan fún un.
Ó gbìn ín lódidi, èyí tí ì bá rì, èyí tí ì bá léfòó.

Ìṣó ṣì wà lára akọ kan tó kù náà.
Ó ti dípẹtà. Èèpo igi ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀.